Ọwọ́ Òsì Màmá

Mo rántí ìgbà tí mo ń tọ́jú màmá arúgbó kan ní St. Albans, ní Queens, ní New York, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Dùùrù àtijọ́ kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, ìwé orin kan sì máa ń wà lórí rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣe orin náà, láyé tí ẹ̀rọ agbórin kò tíì wọ́pọ̀, tí àwọn ará New York ń ra orin lórí bébà lọ sílé láti lọ fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn òyìnbó tó gbé ìwé náà jáde ya aláwọ̀ dúdú kan sí èèpo iwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ tóbi ju orí lọ, láti fi wá ṣẹ̀sín. Màmá fi bébà kàlẹ́ńdà bo àwòrán náà, ó wá ku orúkọ bàbá àgbà nìkan tó ń yọjú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ta ilé, ó fẹ́ mú un lọ sí Georgia. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́ kó tó lọ: kó gbọ́ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lórí dùùrù ilé rẹ̀. Èmi aláṣejù ní, "Ẹ má dààmú, Màmá. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé." N kò tíì ṣí ìwé tí mo fi ń fọ́nnu. Ìgbà tí mo ṣí i, ìlà àti àmì dúdú ló kún ibẹ̀. Dò-rè-mí ni wọ́n fi kọ́ wa lórin ní tiwa, n kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí, àmọ́ Màmá kò bínú. Ó ń fẹnu kọ orin náà díẹ̀díẹ̀, èmi náà ń fi dò-rè-mí kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dé òpin, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń wọlé. Màmá wò mí títí.

"Ọmọ mi, ta ló kú?"

Ó ní kí ọwọ́ òsì máa rìn ṣinṣin bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí ọ̀tún máa ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, kó máa pẹ́ dé. Ọ̀tún mi gbọ́, òsì mi kọ̀ jálẹ̀. Bí ọ̀tún bá ti fò, òsì náà á fò tẹ̀ lé e. Bàbá mi a máa wí pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Tèmi kò gbà láti wẹ ara wọn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá kó ẹrù, Màmá ní, "Sún, ọmọ mi. Ìwọ mú ọ̀tún." Ó jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé dùùrù, orin náà bá jí. Ẹsẹ̀ mi kò lè dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí a parí, Màmá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Òun nìyẹn," ó ní. "Òun gan-an nìyẹn."

Wọ́n ti sin Màmá sí Georgia. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ìjọ tó dé, mo máa ń tẹ orin náà lórí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Brooklyn. Òsì mi ti gbọ́ràn báyìí, ó ti mọ̀ ọ́n rìn. Síbẹ̀, ọ̀tún nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Apá òsì, Màmá ló ni ín.