Ọkùnrin tí A Lọ Gbà Sílẹ̀ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Ọjọ́bọ̀, ní ọdún kejì tí ogun Làìbéríà parí. Mo mọ aago náà dáadáa nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti pẹ́ sí ìpàdé àwa agùnbánirọ̀. Ọyẹ́ mú, ètè mi ti là. Ṣọlá, ẹlẹgbẹ́ mi tó kàwé òfin, sáré wọlé.

"Délé, wọ́n ti mú Mómó o! Láti àná ló ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá."

Ẹ̀yin tí ẹ máa wá sin ilẹ̀ bàbá wa ní Sókótó lẹ́yìn wa ni mò ń kọ èyí fún. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fọ́nnu. Ìtìjú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti ẹ̀rù.

Ogunléndé láti Làìbéríà ni Mómó. Ó ti gbé ní ibùdó àwọn ogunléndé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá kó tó wá máa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Kofar Kware ní Sókótó. Ohun tó jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: Mómó máa ń dọ̀bálẹ̀. Yóò na gbogbo ara sílẹ̀ nínú yanrìn, yóò ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá." Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sókótó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn lóṣòó díẹ̀ bíi ti àwọn Hausa. Alhaji Àjàdí, àgbà wa tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Babbar Kasuwa, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ìlọrin wá, a máa fi Mómó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí: "Ẹ wo àlejò tó mọ ẹ̀kọ́ ilé jù yín lọ!"

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé obìnrin kan ló rí i lọ́jà tó fi igbe ta pé apànìyàn ni, a ò bèèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́. A wá páálí, a kọ "Ẹ tú Mómó sílẹ̀" sí ọ̀kan, a kọ "Àlejò kì í ṣe ọ̀daràn" sí èkejì. Èmi ni mo kọ èkejì. Agùnbánirọ̀ ni wá, àti àwọn télọ̀ tí Mómó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe; Alhaji ló ṣíwájú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Inú mi dùn. Gbogbo ìwọ́de tí wọ́n ṣe nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo sá fún, mo sì rò pé èyí ni yóò wẹ̀ mí mọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde sí wa. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Ohun tí obìnrin yìí ní ó ṣe, òkè òkun ló ti ṣe é. N kò mọ ẹ̀sùn tí mo lè fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ níbí. Àmọ́ n kò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tú u sílẹ̀. Kí àgbà kan wá dúró fún un."

Obìnrin náà dìde lórí bẹ́ǹṣì. Kúmbà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Làìbéríà, irun ló ń dì ní àdúgbò Gagi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí àtìmọ́lé, ó sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ṣọlá sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Alhaji: "Ó ní ẹni náà gan-an nìyẹn."

Alhaji ní, "Haba! Kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, ká mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé."

"Bàbá, kò gbọ́ Yorùbá."

"Kò gbọ́ Yorùbá, kò tún lójú? Mómó ńkọ́, ṣé Ìlọrin ni wọ́n bí i sí?"

Àwọn télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kúmbà bèèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, Ṣọlá sì sọ fún un. Ó ní, "Ẹ sọ fún bàbá yín pé ẹ̀gbọ́n mi náà kí Mómó. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a dé ibi tí Mómó àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dí ọ̀nà sí, ẹ̀gbọ́n mi kí i. Mómó dá a lóhùn dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé."

Ṣọlá túmọ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n ti gbé ìwé onídùúró síwájú Alhaji, bírò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló rí i?"

"Èmi. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà."

"Toh. Ogun ni. Ojú gbogbo yín ló dàrú." Ó sì tọwọ́ bọ̀wé.

Mómó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí iwájú àgọ́, wọ́n hó yèè. Mo bá wọn hó, àmọ́ mò ń fi ojú wá Kúmbà. Kúmbà ti lọ.

Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà: gbogbo wa la mọ òwe yẹn láti kékeré. A mọ̀ pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀ a dá a.

Ọ̀rọ̀ Kúmbà kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ bá Mómó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ tíṣà náà. Ó ń fi òróró sí ẹ̀rọ. Ó dáwọ́ dúró, ó ronú.

"Tíṣà wo nínú wọn, Bọ̀dá Kọ́pà?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń gbìyànjú láti rántí ni. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó ní bí òun kò bá ṣe é, òun ni wọn ì bá pa, ó ní Sókótó ni òun ti padà di ènìyàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí àánú náà. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ bẹ Kúmbà ní Gagi. Irun ló ń dì, kò dáwọ́ dúró. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó dúró níwájú adájọ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Ṣọlá rí òfin àtijọ́ kan tó sọ pé a lè dá ẹni tó hùwà ìkà lójú ogun lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà, ibi yòówù kó ti hù ú, àmọ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn amòfin sì ń jiyàn bóyá ó kan ogun abẹ́lé. A kọ̀wé sí Abuja. Wọn kò fèsì. Nígbà tí mo sọ fún Alhaji, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Ṣé kí n wá lọ sọ pé ojú mi fọ́ ni?" Àwọn ogunléndé mìíràn bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀, pé bí wọ́n bá gbé ẹnì kan lọ sílé ẹjọ́, gbogbo wọn ni ìlú yóò máa pè ní apànìyàn.

Kí la rí gbà? Ẹnikẹ́ni kò lu Mómó pa, wọn kò sì lé e padà láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Mo ṣì gbà pé ìyẹn dára. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ ní Kofar Kware, Kúmbà ló ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́jà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n parí ìsìnlú. Èmi nìkan ni Mómó sọ̀rọ̀ tíṣà yẹn fún, bí ọ̀rẹ́. Ṣọlá ní bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí mo sì búra sí i, ó lè wúlò lọ́jọ́ kan. Kúmbà ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo ni mò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ja irú ìjà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n búra? Bí mo bá sì búra, ta ni kí n gbé ìwé náà fún?