Àjíkẹ́ ti rí ilé mìíràn

Àjíkẹ́, ológbò mi, kò wá jẹun láàárọ̀ yìí. Mo ti gbà pé ọlọ́kadà tó ń sáré lọ sí Mọdákẹ́kẹ́ ti gbá a.

Kì í jẹun àfi tí mo bá jókòó tì í. Ọ̀gá, ológbò mi kejì, oorun nìkan ló mọ̀.

Ilé Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò mi, ni mo ti bá a, láàárín àwọn ọmọ.

Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ ló ń wá. Ariwo wa ló fẹ́ràn."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó yó. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó, kí ẹ jẹun."

Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì fi ohunkóhun kan ẹnu.

Èmi nìkan ni mo padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n lọ gbé e wálé ni, àbí kí n lọ bá a jókòó lọ́hùn-ún lọ́la?