Wubalem àti Ẹ̀yinná Inú Yàrá Ìyẹ̀fun

Ní Debre Birhan, atẹ́gùn ni ọ̀tá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, atẹ́gùn ni. Bí ọrùn bá gan, atẹ́gùn ni. Nínú ọkọ̀ akérò, ẹni tó bá ṣí fèrèsé yóò gbọ́ èébú lẹ́nu àgbàlagbà mẹ́ta kó tó rí ẹni bá a tì í. Orí òkè ni ìlú náà wà, òtútù rẹ̀ kì í ṣe eré, n kò sì bá wọn jiyàn. Ọdún kejìlá tí mo ti ń gbé láàrin wọn nìyí. Èmi náà ti ń ti fèrèsé.

Wubalem nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣí i.

Òun ló ń tọ́jú iná ní ilé búrẹ́dì Bàbá Shiferaw, lẹ́yìn ọjà àgùntàn. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Irun iwájú orí rẹ̀ jó dànù lẹ́nu ààrò nígbà tó wà lọ́mọge, kò sì hù padà dáadáa. Kò kàwé kọjá ìwé kẹrin. Ṣùgbọ́n bó bá fi èékánná kan igi ìdáná, yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n gé e fún ọ, bó bá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ẹnu ààrò, yóò sọ iye ìṣẹ́jú tí búrẹ́dì yóò lò níbẹ̀. Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá méjì ni ilé búrẹ́dì náà ní. Ààrò bíríkì ńlá wà nínú àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Yàrá kejì wà lẹ́yìn ààrò gan-an, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ní. Níbẹ̀ ni obìnrin mẹ́rin ti ń po ìyẹ̀fun, Màmá Etagegn ni olórí wọn. Nígbà òjò, òtútù kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun wú. Nítorí náà, láti ayé bàbá tó bí Shiferaw ni wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì kó ẹ̀yinná láti inú ààrò sínú àdògán, wọn a gbé e sáàrin yàrá ìyẹ̀fun, wọn a ti ìlẹ̀kùn, wọn a sì fi àpò dí fèrèsé. Yàrá a móoru. Ìyẹ̀fun a wú.

Tó bá di ọ̀sán, orí ọ̀kan nínú wọn á máa fọ́ ọ. Òòyì á máa kọ́ èkejì. Màmá Etagegn á já ewé damakese lẹ́bàá ògiri àgbàlá, á fún un sí wọn nímú, á fi gabi, aṣọ ìbora funfun wọn, wé wọn tọrùntọrùn, á sì mú wọn jókòó sí tòsí àdògán kí ara wọn lè gbóná.

"Atẹ́gùn ló bá ọ," á wí. "O tún ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Igi damakese yẹn ni Wubalem kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ jù lọ, ewé rẹ̀ kún, kò sẹ́ni tó ń já a. Nígbà òjò, tí gbogbo ìlẹ̀kùn wà ní títì, ó ku ẹ̀ka lásán. Ọdún méjì ló fi wò ó kó tó sọ̀rọ̀. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún un pé iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tu nǹkan kan jáde, tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń gba àyè èémí níbẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà gùn, Wubalem kò lè gbé e délé. Ó sọ ọ́ ní Adákẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé iná yìí jáde," ó wí ní ọjọ́ kejì.

"Ká gbé e lọ síbo? Sílé ọkọ tó lé ẹ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Òun ló ń fọ́ yín lórí."

"Wò ó, mo ti wà nínú yàrá yìí kí wọ́n tó já ọ lẹ́nu ọmú. Bí iná àdògán bá ń pààyàn, egungun mi ì bá ti di ẹfun." Màmá Etagegn tọ́ka sí àdògán. "Èéfín dà? Fi hàn mí. Ẹ̀yinná pupa fòò, kò rú, kò ta sí ni lójú. Ìwọ tó ń tọ́jú iná, o ò mọ iná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wubalem lára. Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Òun ló ń kó ẹ̀yinná náà láràárọ̀. Òun ló ń gbé e fún wọn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún Buhe pé, nígbà tí àwọn ọmọ máa ń kọrin láti ilé dé ilé, tí wọ́n sì máa ń gba mulmul, búrẹ́dì roboto ti ọdún náà. Gbogbo àdúgbò ti béèrè mulmul lọ́wọ́ Bàbá Shiferaw. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò dá. Ìyẹ̀fun kò wú. Màmá Etagegn ní kí wọ́n fi àdògán kejì kún un.

Wubalem kó o. Ó ń gbé ṣọ́bìrì kẹta bọ̀ nígbà tó gbọ́ igbe. Mihret, tó kéré jù nínú àwọn mẹ́rin, ti ṣubú sẹ́bàá ọpọ́n ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì funfun.

"Ẹ ti ìlẹ̀kùn!" Màmá Etagegn ń pariwo. "Atẹ́gùn ti gbá a mú! Ẹ mú gabi wá! Wubalem, ti ìlẹ̀kùn yẹn!"

Wubalem da ẹ̀yinná náà sínú omi òjò. Ó wọlé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Mihret, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sóde. Màmá Etagegn di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú.

"O fẹ́ pa á ni? Nínú òtútù yìí!"

"Màmá, ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀."

"Mi ò fi í sílẹ̀! Ẹ gbà mí o, ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ẹ má fi í sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ máa bọ̀."

Ó fà. Màmá Etagegn kò jù ú sílẹ̀. Báyìí ni Wubalem ṣe wọ́ àwọn méjèèjì kọjá ìlẹ̀kùn, dé abẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò ti ń ta sí wọn lára. Ó pe àwọn méjì yòókù jáde pẹ̀lú. Ó gbé orí Mihret lé itan, ó tú ọ̀já ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mihret bì. Ó lajú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló bọ́ bàtà mi?"

Bàtà náà ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Etagegn. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Orí mi," ó wí. "Ó ti ń fọ́ láti àárọ̀. Ó ń lọ."

Wọ́n gbé Mihret lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó fi afẹ́fẹ́ inú àgbá sí i nímú. Ọmọ náà yè.

Bàbá Shiferaw dé ní ọ̀sán, ó bá àdògán méjèèjì ní dídojúdé lágbàálá.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá," Wubalem wí. "Mi ò ní kó ẹ̀yinná sínú yàrá yẹn mọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí Buhe pé. Kí ló máa mú ìyẹ̀fun wú? Àdúrà?"

"Ògiri ni."

"Ògiri wo?"

"Ẹ̀yìn ààrò. Ó ń gbóná tọ̀sán-tòru. Àpò ìyẹ̀fun la kó tì í."

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ilé búrẹ́dì mìíràn ti ṣí lọ́nà ọjà, bó bá sì já àdúgbò kulẹ̀ ní Buhe, wọn ò ní padà wá.

"Tí kò bá wú ńkọ́?"

"Ẹ lé mi."

"Màá lé ẹ lóòótọ́ o. Ẹlòmíràn á sì kó ẹ̀yinná náà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ wú."

Wọ́n kó àpò kúrò. Wọ́n gbé ọpọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ ògiri. Wubalem yọ àpò tó dí fèrèsé, ó ṣí i ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ dáná bí kò ṣe dáná rí: igi gbígbẹ nìkan, díẹ̀díẹ̀, kó má baà jó tán lójijì, kó má sì kú. Ní wákàtí kìíní, kò sí nǹkan. Ní wákàtí kejì, Bàbá Shiferaw yẹ̀ ẹ́ wò, ó kùn, ó jáde. Ká ní ẹ̀yinná ni wọ́n lò, ìyẹ̀fun ì bá ti wú tán. Màmá Etagegn dúró ti ògiri. Ó bọ́ gabi èjìká rẹ̀, ó fi bo ọpọ́n tó súnmọ́ fèrèsé jù.

Nígbà tí wákàtí kẹta ń parí lọ, ó ki ìka bọ ìyẹ̀fun náà, ó yọ ọ́. Ojú ihò náà padà díẹ̀díẹ̀, ó kún.

"Ó pẹ́," Màmá Etagegn wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣùgbọ́n ó wú." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Shiferaw! Wá wo ìyẹ̀fun, má wulẹ̀ máa rìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé!"

Wọ́n ń tètè po ìyẹ̀fun láti ọjọ́ kejì. Nígbà tí Buhe pé, mulmul ìkẹyìn ṣì wà nínú ààrò nígbà tí orin àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ lójú pópó, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò rí tirẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn ọdún Buhe, Bàbá Shiferaw mú bíríkìlà wá. Kò bá Wubalem sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ lílé. Ó kàn bi í pé:

"Ihò kan lo fẹ́ lára ògiri, àbí?"

"Méjì. Ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lódìkejì. Èyí tó wọlé gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Kí ọ̀nà èéfín ààrò sì ga ju òrùlé lọ."

"O ti di ẹnjinníà."

"Ẹ jẹ́ kó fẹ ti òkè sí i, Bàbá."

Nígbà tí bíríkìlà fọwọ́ nù, tó ní iṣẹ́ ti parí, Wubalem kò gbà á gbọ́. Ó ti àwọn obìnrin náà sẹ́yìn. Ó mú koríko tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tiná bọ̀ ọ́, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ihò ìsàlẹ̀. Ohun tí kò ṣeé rí ló ń wá ọ̀nà fún, ó ní kí èyí tó ṣeé rí kọ́kọ́ rìn ín. Èéfín dúdú yí ká ìdí ọpọ́n, ó ṣiyè méjì, ó gòkè, ó tẹ̀, ó wọ inú ihò òkè.

"Ó ti lọ," Mihret wí.

Wubalem dúró títí ìyókù èéfín náà fi jáde. Lẹ́yìn náà ó lọ mú koríko mìíràn wá, ó ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí òun tún dán an wò.