Gìgísẹ̀ Ìyá Ràṣídì

Inú omi tó mù mí dé ìbàdí ni mo dúró sí lọ́jọ́ Sátidé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ látòkè délẹ̀, mo di ìyàwó oníyàwó mú ní ọrùn ọwọ́, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sórí àga níwájú mi, ó ń wò mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Obìnrin náà tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mi ò ní dúró kó pè mí kí n tó wọ inú rẹ̀. Àmọ́ kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ajíhìnrere ni mí nínú ìjọ tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀dọ́ máa ń fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí owó oṣù ńbẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì rán ọ lọ lo máa lọ. Ilẹ̀ṣà ni mo ti wá. Èkó ni wọ́n rán mi sí, agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún dé Ìgandò. Ìgbà ìjọba ológun ni, epo mọ́tò ń wọ́n, nítorí náà ẹsẹ̀ la fi ń rìn jù. Méjì méjì la máa ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkejì rẹ ni ẹni tí ẹ jọ ń gbé, tí ẹ jọ ń jẹun, tí ẹ jọ ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, o ò sì gbọdọ̀ lọ síbi tí kò ti ní í rí ọ. Nwosu lorúkọ ẹnìkejì tèmi, ọmọ Aba ni. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ìkíni lọ, ìyẹn náà sì máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń tì mí lójú nínú iṣẹ́ náà ni oyè tí wọ́n fún wa. Alàgbà ni wọ́n ń pe gbogbo wa, wọ́n sì kọ ọ́ sára báàjì dúdú tó wà láyà wa pẹ̀lú orúkọ. Irùngbọ̀n mi ò tíì hù dáadáa! Lọ́jọ́ kan ní Ìkọ̀tún, bàbá arúgbó kan wọ jígí ojú rẹ̀, ó fara balẹ̀ ka báàjì náà.

"Ta ni alàgbà?" ló bi mí.

"Èmi ni, sà," ni mo fèsì, mo sì ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán.

Bàbá yíjú sínú ilé. "Ìyá Délé, ẹ jáde wá o! Ẹ wá wo alàgbà tó dọ̀bálẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Nwosu bi mí pé, "Wetin dem dey laugh?" Mo ní inú wọn dùn láti rí wa ni.

Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ wa. Ọjọ́ yẹn la máa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wa, tí a ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, tí a ó lọ sọ́jà, tí a ó sì kọ lẹ́tà sílé. Ìyá mi nìkan ló máa ń fèsì. Bàbá mi jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́dọ̀ wa, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé iléeṣẹ́ kan ló gbà mí sí Èkó. Ojú ń tì í nítorí mi. Ojú ń ti èmi náà nítorí iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo yàn án. Ní ọ̀sẹ̀ ọjọ́ Sátidé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo pàdé ẹni tí a jọ ka ìwé mẹ́wàá ní Ìyànà Ìpájà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Bó ṣe ń bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe l'Ékòó, mo kàn ń fi ọwọ́ bo àyà mi bí ẹni tí àyà ń dùn, kó má baà rí báàjì náà.

Ẹni tí gbogbo ọ̀sẹ̀ náà dá lé lórí ni Ìyá Ràṣídì. Ìkọ̀tún ló ń gbé, ní ilé ọkọ rẹ̀. Alhaji ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pákó ló ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi tó bá ń lọ. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti bí Ìyá Ràṣídì kó tó fẹ́ Alhaji. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá sí ìpàdé wa, ó sì fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í ri ìyàwó ilé bọ omi àfi tí ọkọ rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Bó bá ti bẹ Alhaji, Alhaji á ní òun máa rò ó. Oṣù ń gorí oṣù, ó ṣì ń rò ó. Ní Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ náà ni Alhaji ránṣẹ́ pè wá.

"Èwo nínú yín ló ń sọ Yorùbá?" Ìbéèrè tó fi kí wa káàbọ̀ nìyẹn.

"Èmi ni, sà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe ní Sátidé?"

"A fẹ́ rì wọ́n bọ omi ni, sà."

"Gbogbo ara?"

"Gbogbo ara, sà."

"Ta ló máa dì í mú?"

Mo wojú Nwosu, Nwosu ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Alhaji, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Ràṣídì fúnra rẹ̀ ló ní èmi ni kí n ṣe é fún òun, torí pé èmi ni mo gbọ́ èdè òun. Mi ò sì ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí.

"Èmi ni, sà."

Alhaji wò mí láti bàtà dé orí. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa rì í?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, sà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbọ́. Mo gbà á láyè, àmọ́ èmi náà ń bọ̀ wá wò ó. Tí nǹkan kan ò bá tẹ́ mi lọ́rùn ńbẹ̀, mo máa mú un lọ sílé, mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

Ìyá Ràṣídì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń sìn wá jáde, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ o. Omi máa ń bà mí lẹ́rù, láti kékeré ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ nísàlẹ̀." Ẹ wo ìyá tó ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa iṣẹ́ wa níbí. Gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ wọ omi nígbà ìrìbọmi, títí kan irun orí, títí kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ló máa ń dúró létí omi tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bí ohunkóhun bá yọ síta, a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà àti gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́ onítọ̀hún lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ọjọ́ tó pé. Wàá fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wàá gbé èkejì sẹ́yìn rẹ̀, òun náà á di imú rẹ̀, á wá tẹ orúnkún rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Orúnkún yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, bí orí rẹ̀ bá ṣe ń wọlé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jáde.

Mi ò kọ́ Ìyá Ràṣídì. A dé ilé wọn ní Tọ́sìdeè nítorí ẹ̀ náà, Alhaji sì wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Báwo ni mo ṣe máa gbé ọwọ́ lé ìyàwó Alhaji lẹ́yìn nínú pálọ̀ Alhaji, tí màá ní kó jókòó sórí afẹ́fẹ́? Ojú tì mí. A gbàdúrà, a sì dìde. Nwosu bi mí lọ́nà pé, "You don show Mama how to bend?" Mo ní, "She sabi." Mo sọ fún ara mi pé màá ṣàlàyé rẹ̀ tí a bá dénú omi.

Ilé tí ìjọ háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá la ti ń ṣe ìpàdé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni birikìlà bá wa mọ táǹkì sìmẹ́ńtì tí a fi ń ṣe ìrìbọmi. Ní Fúráìdeè, èmi àti Nwosu pọnmi láti inú kànga títí ọwọ́ wa fi bó. Nígbà tó di Sátidé, Alhaji dé nínú agbádá funfun tó le gbagidi, wọ́n gbé àga fún un, ó jókòó sétí táǹkì gan-an. Nwosu dúró lápá kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ààrẹ ẹ̀ka, ìyẹn arákùnrin tó ń darí ìjọ wa kékeré náà, dúró lápá kejì.

Ìyá Ràṣídì sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún un. Alhaji wúkọ́. Mo pa ẹnu dé, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sọ àdúrà náà, mo sì rì í. Ó na gbọnrangandan. Orí rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì léfòó.

"Ó yọ," ni ààrẹ ẹ̀ka wí.

Ìyá Ràṣídì ti rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń wúkọ́, omi ń jáde nímú rẹ̀.

"Ṣó ti parí?" Alhaji ló bèèrè.

"Ó ku díẹ̀, sà."

Mo tún àdúrà náà sọ, mo kánjú sọ ọ́, mo tún rì í. Ìtìjú ò jẹ́ kí n rántí orúnkún rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ, ó kàn yọjú, ó sì padà wọlé. Nwosu mi orí. Mo sún mọ́ ààrẹ ẹ̀ka, mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀ lásán ni."

Mo gbàgbé pé inú táǹkì ni mo wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ló dún jáde. Alhaji dìde.

Mo mọ̀ pé ó tán nìyẹn. Ìyá Ràṣídì náà mọ̀ ọ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀..." Ààrẹ ẹ̀ka ni Alhaji kọjú sí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Gìgísẹ̀ wọn ò wọ omi, sà. Bí ohunkóhun bá kù síta, kò tíì pé lọ́dọ̀ tiwa."

"Gìgísẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ bùṣe!" Alhaji gbọn ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Tí mo bá ṣe àlùwàlá, tí omi ò kan gìgísẹ̀ mi, ṣé mo lè kírun? Mi ò lè kírun! Màá padà lọ ṣe é ni. Ta ló wá ń sọ pé gìgísẹ̀ lásán?"

Gbogbo wọn ń wò mí, títí kan Nwosu tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Alhaji bọ́ bàtà, ó jókòó sórí etí táǹkì pẹ̀lú agbádá náà, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ omi. "Ìyá Ràṣídì, ara ẹ le jù. Fi orúnkún sílẹ̀, ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Má wo ọmọ yìí, jàre. Èmi ni kó o máa wò." Ó ní kó jókòó, kó dìde, kó tún jókòó, láì tíì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rì í. Ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kí n kọ́ ọ nínú pálọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń kọ́ ọ níwájú gbogbo ìjọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Alàgbà, ó yá, ṣe é. Má kánjú o."

Mo ṣe é. Ìyá Ràṣídì tẹ orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọkọ rẹ̀ títí omi fi bò ó. Kò sí ohun tó kù síta. Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Alhaji ò wò ó ná, àwọn ẹlẹ́rìí ló wò.

"Ó wọlé tán?"

"Ó wọlé tán, sà."

"Alihamudulilahi."

"Amen!" ni Nwosu pariwo.

Nígbà tí mo pààrọ̀ aṣọ tán, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji. Mo ní kó má bínú pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú," ló wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. "Obìnrin yìí bẹ̀ mí títí kí n tó gbà. Omi ń bà á lẹ́rù, ó sì wọ̀ ọ́. Ìwọ fẹ́ kó gbé èyí tí kò pé lọ sílé, torí pé ojú ń tì ẹ́ níwájú mi. Ṣé èmi lò ń sìn ni?"

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí tó fi mú ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n sì lọ.

Mo parí ọdún méjì mi, mo di olùkọ́ nínú ìjọ náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ajíhìnrere ló sì ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá láti ìgbà náà. Nínú pálọ̀ gbangba, níwájú ọkọ àti ọmọ àti àlejò, ni mo ti máa ń ní kí wọ́n kọ́ èèyàn bó ṣe máa tẹ orúnkún. Bí wọ́n bá ń tijú, mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Láti ìgbà náà, mo ti jẹ́ kí omi wọ bàtà mi, mo ti ṣi àdúrà sọ, mo ti ṣubú sínú táǹkì pẹ̀lú aṣọ funfun rí, gbogbo ìyẹn ti di ẹ̀rín. Èyí tí mi ò tíì lè fi rẹ́rìn-ín títí dòní ni pé ìrìbọmi tí wọ́n rán èmi láti Ilẹ̀ṣà pé kí n wá ṣe, ọkùnrin tí kò gbà á gbọ́ rárá ló gbà á lọ́wọ́ mi kí n má baà bà á jẹ́.