Ẹyẹ Tí Mo Lé Lọ́jọ́ Ìdánwò Ọmọ Mi

Kí n má parọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ ló gbé mi lọ sí Kent lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin ti fi ẹ̀kọ́ apoògùn sílẹ̀ ní yunifásítì nígbà tó ku ọdún kan kó parí. Ó ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé òun ni kí òun máa mú àwọn ènìyàn lọ wo ẹyẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, mo sọ ohun tí ìyá kì í sọ sí ọmọ. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Forest Hill. Láti Peckham tí mo ń gbé ní London sí ibẹ̀ kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá gbáko la fi ń kí ara wa lórí fóònù bí ẹni tó ń kí aládùúgbò. Bí àwọn ìyá aṣàlátù bá bi mí pé apoògùn wa ńkọ́, mo máa ń ní ó wà, ó ń kàwé.

Nínú òtútù oṣù kìíní ló pè mí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́ fẹ́ gba amọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n sì ti ní kó wá ṣe ìdánwò. Yóò kó ènìyàn mẹ́wàá láti Peckham lọ sí ilẹ̀ àbàtà kan létí òkun ní Kent, ọ̀gá ibẹ̀ yóò sì máa tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bó bá ṣe é dáadáa, ó gba iṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá ṣe é dáadáa, ó ti pinnu pé òun yóò padà lọ parí ẹ̀kọ́ apoògùn. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́wàá ti ṣàìsàn, ṣé mo lè wá rọ́pò rẹ̀? Mo ní mo ń bọ̀. Nígbà tí mo kírun àsùbá lọ́jọ́ náà, mo gbọ́wọ́ sókè, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ọmọ mi má yege.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan kó wa níwájú láíbìrì Peckham kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kóòtù pupa tí mo rà ní Rye Lane ni mo wọ̀, pupa tó ń tàn yòò. Ọmọ mi wò ó, ó ní ẹyẹ máa ń sá fún pupa. Ó yọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewéko kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi bò mí láti òkè, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀ fún mi títí dé ọrùn. Ọ̀gá tó wá dán an wò jókòó lẹ́yìn wa. Ìyá Òyìnbó kan ni, ó gún régé, ojú rẹ̀ kò sì fi ohun tó ń rò hàn.

Nígbà tí a dé ilẹ̀ àbàtà náà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Peckham. Kò sí ilé tí yóò gba afẹ́fẹ́ dúró, ilẹ̀ rírọ̀ àti koríko ló lọ títí dé òkun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọmọ mi. Ó ń rọra sọ̀rọ̀, àwọn àgbàlagbà tó tó bí i lọ́mọ sì ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Ó kó wa gun ebè gíga tí wọ́n fi ń dá omi òkun dúró, ó sì ní ká rọra yọjú. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àti àwọn ẹyẹ ńlá mìíràn tó fò wá láti ìlú yìnyín kún inú oko tútù kan nísàlẹ̀. Wọn kò lóǹkà. Gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń jẹ.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ìrẹsì ni bàbá mi ń gbìn lẹ́bàá odò, láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èmi ni mo ń lé ẹ̀gà lóko náà. Kí oòrùn tó yọ, mo ti wà lórí pẹpẹ tí bàbá mi fi igi kàn, tèmi ti agolo òfìfo mi. Bí ẹ̀gà bá fi lè balẹ̀ kí n tó rí wọn, oúnjẹ ilé wa ti dín nìyẹn, ẹ̀gà kọ́ ni bàbá mi yóò sì bá wí. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹgbàágbèje ẹyẹ tó ń jẹ oko olóko lójú mi, n kò ráyè ronú. Mo pàtẹ́wọ́ gbàgà, mo sì figbe ta, "Hóò! Ẹ gbéra ńlẹ̀! Hóò!"

Gbogbo wọn gbéra. Ìró ìyẹ́ wọn dún bí òjò lórí páànù, ojú ọ̀run ṣú, wọ́n sì gba orí òkun lọ. Oko ṣófo. Bàbá kan nínú wa ṣì gbé awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà sójú, ó ń wá ohun tó ń wò tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé, ohun tó kọ sì gùn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí ara mi fi gbóná nínú òtútù yẹn.

Ọmọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Mummy, tell me the truth. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Mo ní n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ mi láti kékeré ló jáde. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló béèrè. Mo sọ fún un pé mo gbàdúrà láàárọ̀ kí ó má yege. Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Bí a ti dúró bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá dé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ara Mummy túbọ̀ móoru bí wọ́n bá lọ dúró sínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà àbáyọ ọmọ mi rèé. Ká ní èmi ni, mo lè gbà á. Ó dá ọ̀gá lóhùn pé rárá, ìyá òun nìyí, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa dúró sí. Ó sì dì mí lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni inú mi ti yí padà. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tèmi pamọ́. Mo fẹ́ kó yege. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ àdúrà àárọ̀ yẹn lọ.

Ohun tó kù tí ọmọ mi máa fi hàn wá kí ìdánwò rẹ̀ tó parí ni ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní bittern. Ó ti ṣàlàyé pé inú esùsú, koríko gíga etí omi, ló ń gbé, àwọ̀ rẹ̀ àti ti esùsú kò yàtọ̀, bó bá sì gbọ́ ìró, yóò na ọrùn sókè, yóò dúró gbọnin. A wọ inú àtíbàbà onípákó kan tó ní fèrèsé tóóró, esùsú gbígbẹ sì wà níwájú wa lẹ́yìn omi tó ti di yìnyín. A wò, a wò, ó ju wákàtí kan lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Ọ̀gá ti dé bírò rẹ̀. Ọmọ mi ṣì gbé awò sójú, ó ń wo esùsú náà láti òsì sọ́tùn-ún, ó tún ń wò ó padà.

Èmi kò ní awò. Mo kàn ń wo esùsú yẹn bí mo ṣe máa ń wo ìrẹsì bàbá mi. Ẹni tó ń lé ẹ̀gà kì í wá ẹ̀gà, koríko ló ń wò. Afẹ́fẹ́ a máa tẹ gbogbo rẹ̀ síbi kan náà, èyí tí kò bá bá àwọn tó kù tẹ̀, nǹkan wà lára rẹ̀. Mo fẹnu sí ọmọ mi létí. Mo ní kó wo ẹ̀gbẹ́ igi tó ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo esùsú ibẹ̀ ń tẹ̀ sósì, mẹ́ta kan kò tẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ kan ló dì wọ́n mú.

Ó wo ibẹ̀ pẹ́. Lójijì ó fún mi lọ́wọ́ gírí. Ó ń fi ibẹ̀ han àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, ó ń gbé orí wọn síbi tó yẹ, kò fi ẹnì kankan sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹyẹ náà fi jáde fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ kan sórí yìnyín, ó dúró, ó tún gbé ìkejì. Ó tó àkùkọ ńlá, gbogbo ara rẹ̀ dà bíi háhá àgbàdo tí oòrùn ti sá. Bàbá tó ń wá ẹyẹ lójú oko òfìfo lẹ́ẹ̀kan yọ díńgí ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, nítorí n kò fọkàn tán an mọ́.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá bi ọmọ mi bó ṣe rí i. Ó lè ní òun ni. Ó ní ìyá òun ló rí i, ó sì ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ìrẹsì àti ẹ̀gà, wọ́n ṣù bò mí, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ó ní ẹni tí ìyá rẹ̀ lé gbogbo ẹyẹ inú Kent tí kò jágbe mọ́ ọn, ó lè kó ẹnikẹ́ni rìn.

Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. A ti padà sórí ebè gíga yẹn, kò sì sí ẹyẹ kankan nítòsí tí mo tún lè lé. Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ mi ní oríkì ìdílé wa, lójú gbogbo àwọn Òyìnbó yẹn. Ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tòun ti bàtà rọ́bà rẹ̀. Mo ní kó dìde, ṣòkòtò rẹ̀ ń bàjẹ́. Kò dìde. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń dún bíi ti Òyìnbó sọ pé, "Mummy, ẹ ò tíì parí ẹ̀."

Lóòótọ́ ni, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá mi. Mo gbé ohùn sókè, mo sì ki ọmọ mi délẹ̀.