Ọjọ́ tí Ràmátù fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí Ràmátù fúnra rẹ̀ dá dókítà lóhùn ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn alárùn ọpọlọ ni mò ń tọ́jú. Gbogbo ìgbà ni àìsàn Ràmátù ń padà wá, a kò mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá sì bi í léèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Nítorí náà, bí èmi àti Ràmátù bá jọ ń bó ẹ̀pà ní ọgbà ilé ìwòsàn, n ó bi í ní nǹkan, n ó sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

Lọ́jọ́ náà, dókítà ní, "Ràmátù, ṣé ò ń lo oògùn rẹ?"

"Ó ń lò ó dáadáa!" Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn.

Ràmátù kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ń dà á nù ni. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n, n kò lè mú ọkọ́ dáadáa."

Dókítà pààrọ̀ oògùn náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, alálùpùpù tó fẹ́ gbé wọn béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

"Gúkà ni. Má sáré jù o."

Ohùn Ràmátù dé ọ̀dọ̀ mi ketekete. Orí mi wú.