Onílé Kò Jẹ́ Kí Àlejò Rí Kọ́kọ́rọ́

Díẹ̀ ló kù kí n ju kọ̀ǹpútà mi sí àárín títì lọ́jọ́ náà. Tírélà kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Òrè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún inú rẹ̀ dẹ́nu, oòrùn sì ń mú ganrín-ganrín. Ìyá Bọ́sẹ̀, àgbẹ̀ ará Ọ̀ṣun tó ń dáko ní Omifúnfún, ló ni ẹrù. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ kó tó dé Èkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á rà, iṣẹ́ oko ọdún kan á sì ṣòfò.

Èmi ni ríwáyà tí wọ́n pè. Ọkọ̀ ayé òde òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà àti bátìrì nìkan mọ́. Ẹ́ńjìnnì ní ọpọlọ tirẹ̀, àfi kí a fi kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀. Mo ra ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, wọ́n fi dọ́ńgù tì í: kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí à ń kì bọ ihò USB. Bí ètò náà kò bá rí i, kò ní ṣí. Ètò ọ̀hún ti gbó, kọ̀ǹpútà mi tuntun kò gbà á, ni mo bá fi ètò mìíràn dá àfarawé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sínú tuntun, bí ẹni fún àlejò ní yàrá. Tuntun ni onílé, àtijọ́ ni àlejò.

Mo ki dọ́ńgù bọ ihò. Onílé rí i, ó gbá a mú. Àlejò ní òun kò rí nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ ihò. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Nígbà tí àlejò wá rí i, kí n tó mí, onílé ti já a gbà!

"Oga, how far?" ni awakọ̀ ń bi mí ṣáá.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni mo ń dá a lóhùn. Sùúrù wo?

Ìyá Bọ́sẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wò. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe Káyọ̀dé, ríwáyà tó wà ní òdìkejì títì. Ètò kan náà ló ní, àmọ́ èyí tí wọ́n jí ni. Àwọn tó jí i ti yọ ọ̀rọ̀ dọ́ńgù kúrò nínú rẹ̀. Ó ṣí i wẹ́rẹ́, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù.

Kí wọ́n tó lọ, Ìyá Bọ́sẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo dọ́ńgù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, má bínú o. Àbí ńṣe lo jí tìẹ ni, tó fi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́?"

"Rárá, mà," mo ní. "Rírà ni mo rà á."